Àwọn Ìlà tí Ìyá Gúnrégé Tú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Gúnrégé jẹ́, ẹ̀yìn aṣọ tó bá rán ni kó wò. Kó fi iwájú sílẹ̀, gbogbo aránṣọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún iwájú ṣe. Ẹ̀yìn aṣọ, níbi tí òwú àwọn ẹlòmíràn ti máa ń lọ́ pọ̀ bí irun tí a kò yà, mọ́ tónítóní lọ́wọ́ tirẹ̀, débi pé ọkọ rẹ̀ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì sódì lọ síbi iṣẹ́ rí, ẹnikẹ́ni kò sì fura títí tó fi padà délé. Bí aṣọ ṣe máa ń jókòó gúnrégé lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá iwájú ilé wọn. Fèrèsé ńlá kan kọjú sí òpópónà, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, tábìlì ìgéṣọ sì gba gbogbo àárín yàrá tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi kọjá.

Obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ kò gba ìgbàkugbà. Ìlà tó bá wọ́, títú ni. Ìbáà ṣe inú àpò ló wà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé, ẹni tó rán an kò ní lọ sílé kó tó tú u, kó sì tún un rán. Ìyá Gúnrégé gba ẹ̀kọ́ yìí tọkàntara. Òun náà ló sì wá kó bá a lọ́jọ́ alẹ́, bí ẹ ó ṣe gbọ́.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Obìnrin náà ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta nígbà náà. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé itan tó ń sinmi, àtàǹpàkò á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́. Bí ó bá ti gbé aṣọ, á dákẹ́. Ó fi ṣe ẹ̀rín. Ó ní ọwọ́ òun kò mọ ìsinmi í ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí ya ọ̀lẹ. Bí ó bá ń fi abẹ́rẹ́ rán etí aṣọ, ìṣísẹ̀ abẹ́rẹ́ á tóbi dáadáa níbẹ̀rẹ̀, á wá máa kéré sí i, á máa kéré sí i, títí yóò fi há mọ́ ara wọn níparí, tí ìlà á sì yà bàrá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́ bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn, tó fi jẹ́ pé oníbàárà kan bi í bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́ ni.

Ọkọ rẹ̀ ló fà á lọ sílé ìwòsàn. Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí ọkọ̀ ilé-ìwé ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kàn sí dókítà ọpọlọ, ọmọbìnrin kan tó ń wo gíláàsì, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní kí ìyá rìn lọ kó rìn bọ̀, kó máa pa ìka kó máa là á, kó fa ìlà yíká lórí bébà. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn.

"Màmá, ohun kan wà tí ọpọlọ máa ń pèsè, tó ń jẹ́ kí ara tètè gbọ́ bí a bá ní kó rìn tàbí kó gbé nǹkan. Tiyín ti ń dín kù. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn nìyẹn. N kò ní tàn yín, kò sí oògùn tó lè lé e lọ pátápátá. Àmọ́ àwọn tó lè jẹ́ kí ẹ máa ṣe nǹkan yín wà, a kàn máa yẹ̀ wọ́n wò ni, ká mọ èyí tó bá ara yín mu."

Ó kà wọ́n fún wọn. Ọ̀kan wà tó mọ ọwọ́ gbígbọ̀n í dá dúró, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹnu gbẹ, ó sì lè da iyè ènìyàn rú. Èkejì máa ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ohun tó dín kù nínú ọpọlọ. Èyí lè mú oorun wá, ó sì lè ti ẹlòmíràn sí rírà ohun tí kò nílò, tàbí tẹ́tẹ́ títa. Ẹ̀kẹta, tí hóró rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò bíi pupa ẹyin, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó dín kù náà. Lefodópà ni wọ́n ń pè é, òun ló sì lágbára jù. Dókítà ní kí wọ́n ti ibi tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Gúnrégé máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí ara bá ṣe rí ní wákàtí sí wákàtí.

"Kíkọ kẹ̀? Ẹ wo ìkọ̀wé mi, bí èèrà ló rí báyìí," ni Ìyá Gúnrégé wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa rán an."

Dókítà ní kó ṣàlàyé.

"Oògùn kọ̀ọ̀kan á ní àwọ̀ òwú tirẹ̀. Màá fi ọwọ́ rán ìlà kan láago mẹ́jọ, ọ̀kan láago méjìlá, ọ̀kan láago mẹ́rin, sára aṣọ funfun. Ẹ̀yin náà á rí i fúnra yín."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní látìgbà tóun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó tíì fi aṣọ bá òun sọ̀rọ̀ rí.

Oògùn àkọ́kọ́, òwú búlúù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí itan. Dírẹ́bà, tó ti sọ àkókò oògùn di àkókò ọkọ̀, tó máa ń fi ẹnu fọn fèrè ọkọ̀ pín-ín-pín bí aago bá ti lù, bẹ̀rẹ̀ sí yan kiri ilé bí ẹni pé òun ló ṣe oògùn náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyàwó rẹ̀ gbẹ bí ẹni tó jẹ ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kan, ó fi téèpù wọn ìbàdí olùkọ́bìnrin kan, ó sì ti gbàgbé nọ́ńbà kó tó dé ìdí tábìlì. Ó padà lọ wọ̀n ọ́n. Ó tún gbàgbé. Nígbà kẹta, olùkọ́ náà rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Gúnrégé sì bú sẹ́kún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló fi pe Dírẹ́bà. Ìlà búlúù gún o, orí ló wọ́. Dókítà dá oògùn náà dúró kíákíá.

Òwú pupa ni ti oògùn kejì. Èyí kò da iyè rú. Ó kàn ń mú un tòògbé nídìí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ ni, ọwọ́ sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó ra agolo bọ́tìnnì méjì lọ́jọ́ kan náà, Dírẹ́bà sáré tẹ dókítà láago pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó òun ti ń rajà kiri. Aránṣọ tó lọ ra bọ́tìnnì! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni obìnrin náà kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Oṣù yẹn gan-an ni ọmọ wọn pè. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ìlú òkèèrè tó jìnnà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ láìrí oyún dúró. Kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kí i tán.

"Màmá, ó ti pé oṣù méjì."

Ìyá Gúnrégé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Ó kọ́kọ́ sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni màá wẹ̀ ẹ́ o. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nì kankan gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

"Ta ló tún fẹ́ wẹ̀ ẹ́, Màmá? Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màá gbé e wá bá yín."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun mìíràn tí obìnrin yìí ń fẹ́ láyé mọ́. Ọwọ́ tó lè di ọrùn ọmọ tuntun mú nínú omi, ìyẹn nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ó bá di ẹ̀yìn ìgbà náà, kí àìsàn ṣe bó ṣe fẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dókítà nìkan ló gbọ́, bóyá nǹkan ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ní bẹ́ǹṣì, ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sì í wọ́n lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Bàbá kan jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ẹni tó ti fi iṣẹ́ pínpín lẹ́tà fẹ̀yìn tì. Gbogbo ara bàbá náà ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, èjìká ń lọ, ọrùn ń bọ̀, bí ẹni tó ń jó láìsí orin.

"Èwo ni wọ́n fún yín?" ni bàbá náà bi í.

Ó ní èkejì ni.

"Ẹ rọra máa jẹ ẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ti gbé yẹ́lò yẹn fún yín, ó ti parí nìyẹn. Ó máa kọ́kọ́ dùn mọ́ yín o! Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ẹ máa rò pé ara ti yá. Agbára rẹ̀ á wá tán, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wò mí dáadáa."

Ìyá Gúnrégé wò ó dáadáa. Kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ wọlé, ó ti ro gbogbo rẹ̀ pa. Bí agbára oògùn ẹ̀kẹta bá jẹ́ ohun tó ń tán, kí ló fẹ́ ṣí i fún nísinsìnyí, nígbà tí ọmọ kò tíì dé? Ńṣe ni ó yẹ kó fi í pamọ́ títí di ọjọ́ tí ọmọ bá dé. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ṣáájú ìgbà náà pé èkejì kò tó o mọ́.

Títú ìlà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pàdé bàbá yìí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Ìlà pupa ti aago mẹ́rin máa ń wọ́, nítorí ara ti máa ń rẹ ọwọ́ lásìkò náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ojú rẹ̀ bá tún kan ìlà wíwọ́ náà lórí aṣọ funfun, kì í lè mí. Ó ti kọ́ iṣẹ́ kọjá kó fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Á mú abẹ, á tú u, á sì tún un rán pẹ̀lú ọwọ́ àárọ̀ tó dára díẹ̀. Kò rò pé èké lòun ń ṣe. Iṣẹ́ lòun ń tún ṣe lójú tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí bẹ́ǹṣì ló wá di pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe ń tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì lóṣooṣù, tí yóò máa fi ìka tọ àwọn ìlà pupa tó gún régé, tí orí rẹ̀ á wú. "Ó dáa gan-an, Màmá. A ò ní fi kún un, a ò sì ní yí i padà."

"Dókítà, èmi ni mò ń dé bọ́tìnnì rẹ̀ fún un o," ni Dírẹ́bà já lu ọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ já a léèékánná lábẹ́ tábìlì. "Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà. Ìfẹ́ ló ń bá mi ṣe." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Nílé, nǹkan ti ń bàjẹ́. Wákàtí kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń já gaara láàárọ̀, orí aṣọ funfun ló ń bá a lọ. Aṣọ oníbàárà ń dúró. Olùkọ́bìnrin wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìrán, ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní òun ò kánjú tẹ́lẹ̀ náà, ìyẹn sì dun Ìyá Gúnrégé ju èébú lọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Òwúrọ̀ kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ ilé-ìwé ọmọ ẹnìkan, ó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó yí padà láti lọ ṣí i. Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà, ẹni náà ti lọ. Nígbà tó fẹ́ padà sídìí tábìlì, ẹsẹ̀ kò lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn wọ́n. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni áyọ́ọ̀nù náà fi jìnnà sí i. Ó ń wò ó tí èéfín kékeré kọ́kọ́ yọ létí aṣọ, tí aṣọ di àwọ̀ ilẹ̀, tó di dúdú. Ó pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kọjá inú yàrá. Dírẹ́bà tó lọ ra bàtìrì bá a lórí ìdúró níbẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, ihò ti lu aṣọ já dé pákó.

"Ó tó báyìí," ni Dírẹ́bà wí lẹ́yìn tó ti fa wáyà yọ. "Ọ̀la la máa lọ sọ fún dókítà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dírẹ́bà. Ó ku oṣù méjì péré. Kí ọmọ dé ná. Ẹ bá mi fara dà á."

"Tí iná bá jó ẹ pa kọ́mọ tó dé ńkọ́?"

"Ẹ bá mi fara dà á," ló tún wí. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ tí kò lè fà ro mọ́. Ó bá a fara dà á. Èmi kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni ká pe ìyẹn tàbí ìwà òmùgọ̀.

Ọmọkùnrin ni ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ayọ̀ dé, Ìyá Gúnrégé gbé abẹ kúrò nílẹ̀. Ó rán ìlà mẹ́ta lóòjọ́, kò sì tú ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ó gbé aṣọ náà lọ bá dókítà, ojú ń tì í bí ẹni tó rìn síta ní ìhòòhò.

Dókítà wo àwọn ìlà tuntun náà, ẹ̀rù bà á. Ó ní àìsàn yìí kì í sáré báyìí, àfi kó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Ó ti na ọwọ́ sí fóònù láti pè fún àyẹ̀wò kí ó tó tún padà wo apá òkè aṣọ. Ó fi ìka tọ ọ́. Ó gbé e dìde síwájú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú ihò abẹ́rẹ́ kéékèèké yọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò, ọ̀nà wíwọ́ tí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gbà hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó gún. Òwú ṣeé tú, ihò kò ṣeé dí. Ìyá Gúnrégé mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, kò kàn rò pé dókítà lè mọ̀ ọ́n ni.

"Màmá, kí ni ihò wọ̀nyí?"

Dírẹ́bà ló sọ̀rọ̀. "Ó ń tú u ni, Dókítà. Èyí tó bá wọ́, ó ń tú u."

Dókítà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi sórí tábìlì. "Oṣù méje. Aṣọ ni mo ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí. Mi ò tọ́jú yín rárá."

Ìyá Gúnrégé wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti bàbá orí bẹ́ǹṣì, ti oògùn tí agbára rẹ̀ ń tán, ti ọmọ. Dókítà kò bínú, ó kàn ṣàlàyé. Ó ní agbára oògùn ẹ̀kẹta kì í tán bí epo inú ìgò. Àìsàn náà ló ń tẹ̀síwájú, ìbáà jẹ́ pé ènìyàn tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí kò tètè bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èrè kankan nínú fífi í pamọ́. Òótọ́ ni pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí yí bíi ti bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n a máa ń dín in kù, a máa ń pín in kéékèèké, a sì lè fi òmíràn kún un. "Bàbá yẹn, Màmá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn wá síbí. Ó sọ ìyẹn fún yín?"

Kò sọ ọ́.

"Ó dáa, Dókítà. Ẹ fún mi ní yẹ́lò yẹn lónìí. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀."

"Ìlàjì hóró la ó fi bẹ̀rẹ̀. A ó máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, méje, a ó mọ ìwọ̀n tó tó yín."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọmọ máa lò lọ́dọ̀ mi."

"Màmá, tí mo bá fún yín ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa bì, òòyì á kọ́ yín, ẹ sì lè ṣubú tòun tọmọ lọ́wọ́."

Ìyá Gúnrégé fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Eékún rẹ̀ kò ṣẹ́ dáadáa, ó há sáàárín àga àti tábìlì, Dírẹ́bà àti dókítà sì ní láti jọ fà á dìde. Wọ́n fún un ní oògùn náà. Wọ́n ní kó máa lò ó ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ, kó má fi wàrà tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà gbé e mì, nítorí wọn kì í jẹ́ kó tètè wọ ara.

Ọmọ dé lọ́jọ́ Sátidé, orí rẹ̀ kò ju ọsàn ńlá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin wọn po omi sínú bàsíà, ó pè é: "Màmá, omi ti lọ́wọ́ọ́wọ́ o." Ìyá Gúnrégé ní òun ń wúkọ́. Ọjọ́ kẹta, ó ní abẹ́rẹ́ gún òun níka. Lọ́jọ́ kẹfà, kò rí irọ́ pa mọ́, ó kàn jókòó sórí ibùsùn, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ọmọbìnrin náà kò pè é mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ, ìyá àgbà á sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn máa wò.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, hóró kan péré ni wọ́n tíì bá a dé lẹ́ẹ̀kan. Ó ń rán òwú dúdú, àwọ̀ tó yàn fún oògùn ẹ̀kẹta, sára aṣọ lójoojúmọ́, ìlà náà sì ń wọ́ síbẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí Dírẹ́bà tó fọn fèrè rẹ̀, obìnrin náà ti gbé hóró mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú omi lásán.

Ó sì ṣiṣẹ́! Kò tó wákàtí kan tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí tú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó mú ọwọ́ lọ sókè, ó mú un wá sílẹ̀. Ó rìn wọ yàrá láìwọ́ ẹsẹ̀. "Gbé e fún mi," ló wí. Ọmọbìnrin rẹ̀ wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi í ní nǹkan kan. Ìyá Gúnrégé jókòó sórí àpótí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá ọrùn ọmọ mú, ó bu omi sí i láyà, ó fi kànrìnkàn rírọ̀ fọ abíyá rẹ̀, ó fọ ẹ̀yìn etí. Ọmọ náà la ojú sí i. Kò kígbe. Ó ń gbádùn rẹ̀ ni.

Ó wá dìde láti fa aṣọ ìnura. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn lójijì, ilẹ̀ yí, eékún rẹ̀ méjèèjì sì tú sílẹ̀. Ọmọ tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀ yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ ló gbá a ní apá kan àti itan kan kó tó kan sìmẹ́ǹtì. Ìyá Gúnrégé ṣubú lé bàsíà, omi dà sí gbogbo yàrá, ó sì ń bì.

Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n nù ún, wọ́n gbé e sùn, ọmọbìnrin rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sùn lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, bí àkókò ìwẹ̀ bá ti tó, ọmọbìnrin náà máa ń ti ilẹ̀kùn. Ó máa ń rọra tì í, kí ó má bàa dún. Ìyá rẹ̀ á jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa gbọ́ omi.

Wọ́n lọ lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, oògùn débi tí dókítà ń fẹ́. Dókítà tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó fi búlúù wé pupa, ó fi pupa wé dúdú. Ìlà dúdú ti aago mẹ́jọ ṣì wọ́ díẹ̀, ti aago méjìlá gún láti orí dé ìdí, ti aago mẹ́rin tún ń yà. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ títí di ọ̀sán, ọwọ́ Ìyá Gúnrégé ti di ọwọ́ Ìyá Gúnrégé padà. Dókítà ní oògùn náà bá a mu, kó máa lò ó lọ. Dírẹ́bà ń dúpẹ́ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ kàn ká aṣọ funfun náà sábẹ́ abíyá ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan láago mẹ́sàn-án, ọmọ wọn pè é lórí fóònù tí ènìyàn fi ń rí ara wọn. Ó gbé fóònù tirẹ̀ ti ògiri kí ó lè ráyè wẹ ọmọ, ìyá rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ ti sanra. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi.

"Gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀," ni Ìyá Gúnrégé ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Fi ọwọ́ gba ọrùn. Ọmọ dáadáa."

Ọmọbìnrin náà yí ojú láti mú ọṣẹ. Ọmọ ta ara rẹ̀, ó sì yọ̀ sísàlẹ̀, omi dé àgbọ̀n rẹ̀.

Ọwọ́ Ìyá Gúnrégé méjèèjì fò síwájú. Wọn kò gbọ̀n, wọn kò falẹ̀, wọn kò dúró gba àṣẹ. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìka lílà, bí wọn kò ti ṣe láti ọdún méjì, wọ́n sì kọlu gíláàsì fóònù. Fóònù dojú bolẹ̀ láàárín àjákù aṣọ.

"Màmá? Mo ti dì í mú o. Kò sí nǹkan kan. Màmá, mi ò rí yín mọ́. Màmá?"

Ìyá Gúnrégé ń wo ọwọ́ rẹ̀.